Ilà Òkú Lójú Ewé Tẹ̀tẹ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni, bí ẹni tó jogún ẹ̀wù tí kò bèèrè ẹni tó rán an. Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ ń sọ pé ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ara kọ́, inú ni. Bó bá jẹ́ pé ara ló wà ni, wọn ì bá ti tètè rí i, Ògúnjìnmí olóòlà ì bá má fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìsáǹsá, èmi náà ì bá sì lè jẹ ẹ̀fọ́ lónìí láìkọ́kọ́ gbé ewé rẹ̀ sókè sí oòrùn. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó dúró dé ìparí, torí ẹ̀rù ló wà níbi tí a ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ yìí.

Ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Òkè-Ewúro. Láyé ìgbà náà, kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ jẹ́ ojú bọ̀rọ́ níbẹ̀. Ilé alágbẹ̀dẹ ń kọ pélé, ilé ọlọ́dẹ ń kọ àbàjà, ilé Baálẹ̀ ń kọ gọ̀mbọ́. Bí wọ́n bá pàdé rẹ lójú ọ̀nà oko, wọn kì í bèèrè orúkọ rẹ. Wọ́n á wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, wọ́n á sì kí ọ ní oríkì ilé yín. Ògúnjìnmí ló ń kọ ilà náà. Bàbá rẹ̀ ló kọ ti àwọn àgbà, abẹ kan náà ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ó fẹ́ràn abẹ yẹn ju ìyàwó rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ o, èmi kọ́.

Ilà kan ṣoṣo ló wọ́ ní gbogbo ìlú. Nígbà tí wọ́n ń kọlà fún Baálẹ̀ àtijọ́ ní kékeré, ọmọ náà ju orí, abẹ sì yà. Gọ̀mbọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dáadáa, ó dé ìtòsí ẹnu, ó wá ṣẹ́rí padà, ó gba ẹ̀yìn lọ sídìí etí, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Tọmọdé tàgbà ló mọ ilà yẹn. Nígbà tí bàbá náà kú, tí wọ́n sin ín, wọ́n ní ó tán, àwọn ò ní rí irú ilà bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n tún rí i.

Ìyá Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ rí i. Obìnrin yìí ló ní ọgbà ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó wà lẹ́yìn odò, ogún ebè gbáko, ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ti ń jẹ ẹ̀fọ́. Ìrì ò tíì gbẹ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti já ẹ̀fọ́, ó di ewé ńlá kan mú, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Ilà funfun kan wà lójú ewé náà. Ó sọ̀kalẹ̀, ó dé ìtòsí etí ewé, ó ṣẹ́rí padà, ó sì gba ẹ̀yìn lọ.

Ó fi ìka nù ún, kò parẹ́. Ó tu itọ́ sí i, ó tún un nù, kò parẹ́. Ewé náà ń dán, kò ya, kò lu, bí ẹni pé láti inú lọ́hùn-ún ni wọ́n ti kọ ilà náà wá síta. Atẹ́gùn ò fẹ́ rárá, síbẹ̀ ewé náà ń gbọ̀n. Ọwọ́ ìyá yìí fúnra rẹ̀ ló ń gbọ̀n, kò kàn mọ̀ ni. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"Baálẹ̀, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ̀gbẹ́ yín gan-an ni mo já sínú ọbẹ̀ lánàá."

Ó fi agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kúrò nínú ọgbà.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ilà ti wà lójú ewé tó lé ní ogójì. Gbogbo ìlú wọ́ lọ síbẹ̀, kálukú ń wá òkú ilé tirẹ̀. Ọkùnrin kan láti ilé alágbẹ̀dẹ rí ewé tó ní ìlà mẹ́ta lóòró, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ìyá òun àgbà nìyẹn, òun dá a mọ̀ níbi tó ti fẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹnìkan láti ilé ọlọ́dẹ wá àbàjà títí, kò rí i, inú sì bí i gidigidi. Ó ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn pé ṣé àwọn òkú ilé tàwọn ò mọ̀nà ni.

Àmọ́ nígbà tí oòrùn bá ti ń lọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣàwàdà. Wọ́n á fi aṣọ bo orí kọjá níbẹ̀, wọn ò ní wo apá ibẹ̀ rárá. Kò sì sẹ́ni tó jẹ ẹ̀fọ́ mọ́. Ta ló fẹ́ bu òkèlè iyán, kó wá rì í sójú bàbá bàbá rẹ̀? Ẹ̀kọ àti ata lásán ni wọ́n ń jẹ, ikùn gbogbo ìlú sì le bí pákó.

Ọ̀rọ̀ dé etí Baálẹ̀ tuntun, Oyèékànmí, ọmọ Baálẹ̀ tó kú. Òun náà lọ síbẹ̀. Bó ṣe rí ilà tó wọ́ yẹn, òógùn bò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣírí kan fún yín. Lórí ibùsùn àìsàn, bàbá rẹ̀ ní kó fi màlúù sin òun, Oyèékànmí sì búra pé òun yóò ṣe é. Nígbà tí ọjọ́ pé, ewúrẹ́ ló pa. Ó ní ewúrẹ́ náà tóbi. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ìlérí yẹn, àfi òun àti òkú. Nítorí náà, nígbà tó rí ojú bàbá rẹ̀ lára tẹ̀tẹ̀, ó mọ ohun tí bàbá wá gbà. Kàkà kó jẹ́wọ́, ó ránṣẹ́ pe olóòlà.

"Ògúnjìnmí, ta ló kọ ilà yìí?"

"Kí ẹ pẹ́, Baálẹ̀. Mi ò mọ̀ o. Ènìyàn ni mò ń kọlà fún, mi ò kọlà fún ọbẹ̀ rí."

"Òkú kì í kọlà. Olóòlà ló ń kọlà. Ta ló mọ bí ilà bàbá mi ṣe wọ́, bí kì í bá ṣe ilé yín? Ṣebí bàbá rẹ ló wọ́ ọ!"

"Bàbá tèmi kọ ọ́ gbọọrọ, Baálẹ̀. Bàbá tiyín ló ju orí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo òótọ́ kọ́ là ń sọ lójú Baálẹ̀. Oyèékànmí na ìka sí i. Ó ní tí òṣùpá tuntun bá lé tí Ògúnjìnmí ò tíì fi ẹni tó ń kọlà náà hàn, kó gbé abẹ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ òun, kó sì jáde kúrò ní Òkè-Ewúro. Ògúnjìnmí délé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹjú mọ́ abẹ bàbá rẹ̀, kò lè jẹun. Olóòlà tí kò ní abẹ, tí kò nílùú, kí ló kù lára rẹ̀? Ẹ̀rù bà á, ó sì dùn ún.

Baálẹ̀ tún pàṣẹ pé kí wọ́n ṣọ́ ọgbà. Wọ́n fi ọparun yí i ká, ó ga ju orí ènìyàn lọ. Wọ́n da eérú yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká kí ẹsẹ̀ ẹni tó bá sún mọ́ ọn lè hàn. Wọ́n so ìkarahun ìgbín mọ́ ọparun kí ó lè máa dún. Ó wá ku ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní kó tóóró débi pé ẹ̀ṣọ́ nìkan ni yóò gbà á kọjá, wọ́n sì fi ara ẹ̀ṣọ́ náà gan-an wọ̀n ọ́n. Ọdẹ́jàyí ni orúkọ rẹ̀, ọdẹ ni, òun ló tín-ín-rín jù ní gbogbo ìlú. Bó bá fi ẹ̀gbẹ́ dúró, ìyàwó rẹ̀ á máa wá a. Ó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé wẹ́rẹ́, ó fa àpò ọdẹ rẹ̀ wọlé tẹ̀ lé e, ó búra pé òun ò ní jáde títí òṣùpá tuntun yóò fi lé. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni wọ́n ti ń na ẹ̀kọ sí i láràárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ń rí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kìíní, eérú wà bí wọ́n ṣe dà á, kò sí ipasẹ̀ kankan. Ìkarahun ò dún.

"Ọdẹ́jàyí, ṣé ẹnikẹ́ni wọlé?" Baálẹ̀ bèèrè láti ìta.

"Ẹnikẹ́ni ò wọlé o. Ṣùgbọ́n ilà tuntun ti wà lójú ewé méjìlá."

Ara gbogbo wọn bù máṣọ. Lọ́jọ́ kẹrin, Ọdẹ́jàyí kígbe pé ebè kan ti ṣófo pátápátá. "Àwọn òkú ti ń kó ara wọn lọ," ó wí. Lọ́jọ́ keje, ní ọ̀sán gangan, èéfín rú láti inú ọgbà. Àwọn tó wà létí odò rí i bó ṣe ń lọ sókè gbọọrọ láìyà sọ́tùn-ún tàbí sósì.

"Èéfín kí nìyẹn?" wọ́n pariwo.

"Èmi náà rí i," Ọdẹ́jàyí dáhùn. "Èéfín tútù ni. Ẹ má sún mọ́ ọn."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó mú kí àwọn ìyá máa tilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan. Ó ní òun ń gbọ́ ohun kan tó ń jẹun nínú ọgbà. Ó ń jẹ, ó ń jẹ, kò sinmi. Bó bá sì jẹ tán, á gùnfẹ̀. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ rí pé òkú ń gùnfẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró dúró jìnnà sí ọgbà, ó fa imú, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. "Òórùn irú ni mò ń gbọ́," ó wí. "Baálẹ̀ àtijọ́ fẹ́ràn irú."

Oyèékànmí ò sùn dáadáa mọ́, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí òṣùpá lé, ó ní òun máa dá ẹjọ́ náà fúnra òun. Ó ní kí Ọdẹ́jàyí na ewé kan jáde, èyí tí ilà rẹ̀ wọ́ jù. Ó fi èédú sàmì sí ibi tí ilà náà parí sí gan-an. Ó fi ewé náà sínú ìkòkò tuntun níwájú ilé rẹ̀, ó fi ọmọrí dé e, ó sì jókòó lé e lórí. Wọ́n di ọwọ́ Ògúnjìnmí sẹ́yìn, wọ́n mú un jókòó síwájú Baálẹ̀. Gbogbo ìlú yí wọn ká. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, Baálẹ̀ ò dìde, kò tilẹ̀ yí ìdí. Ìwọ̀nba ohùn adìẹ ni wọ́n ń gbọ́.

Nígbà tó dìde, ó ṣí ọmọrí, ó mú ewé náà jáde, ó wò ó. Ilà náà ti gùn. Ó ti kọjá àmì èédú ní oríkèé ìka kan, ó sì ti ṣẹ́rí, ó kọjú sí Baálẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ dárí jì mí! Màá pa màlúù náà!"

"Màlúù wo?" àwọn ará ìlú bèèrè. Wọn ò dúró gbọ́ èsì. Kí o tó pajú, ibẹ̀ ti dá páropáro, bàtà méje ló kù sílẹ̀, Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ju ewé náà sílẹ̀, ó ti wà lábẹ́ ibùsùn. Ògúnjìnmí nìkan ló ṣẹ́kù, torí pé wọ́n dè é.

Ẹ̀rù ba òun náà, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ ni, oníṣẹ́ ọwọ́ kì í rí iṣẹ́ ẹlòmíràn kó má yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ojú sún mọ́ ewé náà nílẹ̀. Ó wo ibi tí ilà ti bẹ̀rẹ̀: ó tín-ín-rín bí irun. Ó wo ibi tó parí sí: ó fẹ̀ tó ìdí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ìgbà wo ni abẹ máa ń sanra lẹ́nu iṣẹ́? Ohun tó kọ ilà yìí ń dàgbà bó ṣe ń kọ ọ́ lọ ni.

Ó fi eyín mú ọ̀pá ewé náà, ó gbé e sókè sí oòrùn tó ń wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ kọjá lára ewé náà, ó sì rí i. Ohun kan wà níbi tí ilà ti fẹ̀, ó pẹlẹbẹ, ó funfun ràkọ̀ràkọ̀, ẹnu rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ń lọ sósì. Lójijì, ó dáwọ́ dúró, bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ti rí òun. Orí Ògúnjìnmí wú. Ewé tí gbogbo wa rò pé ó jẹ́ ẹyọ kan, awọ méjì ló ní bí ẹ̀wù tí wọ́n fi aṣọ mìíràn tẹ́ nínú, àárín awọ méjèèjì ni nǹkan náà ti ń jẹun, ọ̀nà tó jẹ kọjá ni ilà náà.

"Mo ti rí i!" ó kígbe. "Ó wà nínú ewé! Ó ń wò mí!"

Ẹ rò ó wò. Ta ló máa jáde sí irú ìpè bẹ́ẹ̀? Ẹni tí kò tíì tilẹ̀kùn tún ti tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló wá tú u sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì dijú nígbà tó ń tú u.

Ògúnjìnmí ò jókòó ní ọjọ́ mẹ́wàá tó kù. Ó gba oko lọ, ó gba igbó lọ, ó ń ṣí ewé wò, ó ń kà wọ́n bó ṣe ń ka ojú ènìyàn. Ó rí i pé èyí tó ń gbé inú tẹ̀tẹ̀, ojú ewé lókè ló ń kọ ilà tirẹ̀ sí. Ti ewé ẹ̀wà kì í kọ ilà, ńṣe ló máa ń wú bí ibi tí omi gbígbóná ti bó ènìyàn. Ti ọsàn wẹ́wẹ́, abẹ́ ewé ló máa ń wà, ó ń dán bí ipa ìgbín, ìlà dúdú tín-ín-rín sì wà láàárín rẹ̀. Kò rí ti tẹ̀tẹ̀ lórí ọsàn rí, kò sì rí ti ọsàn lórí ẹ̀wà. "Àwọn náà nílé," ó wí fún ìyàwó rẹ̀. "Wọ́n ní ilà tiwọn." Ó kó ewé wọn sínú akèrègbè, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ, nǹkan kéékèèké ń fò nínú akèrègbè náà: àfòpiná ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò ju eérú tó bọ́ lára igi iná lọ.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí òṣùpá tuntun máa lé dé. Gbogbo ìlú péjọ sẹ́yìn ọgbà ẹ̀fọ́ náà. Baálẹ̀ ti so màlúù kan mọ́ igi, bó bá ṣẹlẹ̀ pé bàbá ṣì ń bínú. Ògúnjìnmí jáde síwájú, ó yọ abẹ rẹ̀. Àwọn ènìyàn mí kanlẹ̀, wọ́n rò pé ó fẹ́ gbé e sílẹ̀ ni. Ńṣe ló mú ewé kan, ó fi ẹnu abẹ ṣí awọ òkè rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó yọ nǹkan funfun náà jáde, ó sì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ Baálẹ̀.

Baálẹ̀ tẹjú mọ́ ọn. "Bàbá mi?" ó rọra bèèrè.

"Rárá o, Baálẹ̀. Kòkòrò ni. Òun ló kọ ilà náà, ẹnu ló fi kọ ọ́. Bó bá dàgbà tán, ohun tó ń dà nìyí." Ó tú aṣọ ẹnu akèrègbè, àwọn àfòpiná náà sì fò jáde, wọ́n bà lé fìlà Baálẹ̀. "Ẹ fi eérú àti ọparun ṣọ́ ìta. Inú ilé ni olè wà ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀ ń ṣọ́nà."

Baálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ara tù ú débi pé ó ní kí wọ́n tú màlúù sílẹ̀ kó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́, ó yọjú wo àárín ọparun, ẹ̀rín náà sì gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Nínú ogún ebè, mẹ́rìnlá ti di ilẹ̀ lásán.

"Ògúnjìnmí, nǹkan tí kò tó ìdajì ẹyọ ìrẹsì yìí ló jẹ ebè mẹ́rìnlá tigitigi? Òun náà ló dáná? Òun ló gùnfẹ̀?"

Ògúnjìnmí gbé ewé náà sókè. "Baálẹ̀, ẹ wo ilà yìí. Ibi tí kòkòrò gbà wọlé tín-ín-rín. Ibi tó jẹun dé fẹ̀. Ẹni tó bá wọ ibì kan ní tín-ín-rín, tó sì ń jẹun níbẹ̀ lábẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ ló máa sọ."

Díẹ̀díẹ̀, gbogbo ojú yí sí ẹnu ọ̀nà tóóró yẹn.

"Ọdẹ́jàyí," Baálẹ̀ pè, "jáde wá jẹ́rìí."

"Ẹ jẹ́ kí n máa gbọ́ láti inú níbí, Baálẹ̀. Ohùn yín ń dé ọ̀dọ̀ mi dáadáa."

"Mo ní kí o jáde!"

Ìkarahun ìgbín dún, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti so wọ́n mọ́ ọn. Apá kan jáde, irú lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀. Ìdajì orí tẹ̀ lé e, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú rọ̀bọ̀tọ̀. Ó wá ku ikùn. Ó fà á, ó tì í, ó fi ẹ̀gbẹ́ gbà, ó fi ẹ̀yìn gbà, ọparun ń ké, ikùn ò kọjá. Ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi ara rẹ̀ gan-an wọ̀n kò gbà á mọ́.

"Ó mà ṣe o," Ìyá Àwẹ̀ró wí. "Mo ti da omi lójú nítorí ikùn ẹlòmíràn."

Ògúnjìnmí tún yọ abẹ bàbá rẹ̀. Bó ṣe la ewé ni ó ṣe la okùn ọgbà náà, ó ṣí ọparun sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fa Ọdẹ́jàyí jáde, pẹ̀lú àpò ọdẹ tó fi kó ìkòkò àti irú wọlé. Ó sanra, ó funfun nítorí eérú ìdí àdògán tó fi amọ̀ mọ síbẹ̀, ó ń pajú nínú oòrùn, ẹnu rẹ̀ ṣì ń lọ sọ́tùn-ún, ń lọ sósì. Baálẹ̀ wo èyí tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo èyí tó dúró níwájú rẹ̀, ó sì mi orí.

Abẹ Ògúnjìnmí ò kúrò ní Òkè-Ewúro mọ́. Wọ́n pa màlúù náà, torí gbogbo ìlú ti gbọ́ ìlérí. Wọ́n fi ebè mẹ́fà tó kù sè é, Ọdẹ́jàyí ló fọ ìkòkò, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kó dá wà pẹ̀lú wọn. Láti ọjọ́ náà lèmi náà ti máa ń gbé ewé sókè sí oòrùn kí n tó jẹ ẹ́. Bí mi ò bá rí nǹkan kan níbẹ̀, màá yíjú wo ikùn ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́ ọgbà. Ẹ̀yin náà ẹ máa wò ó, ẹ̀yin ọmọ mi, torí kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà.